Ta Ló Ń Sọ Ewéko Igbó Lórúkọ?

Àwọn tó tẹ ìlú Ìbàdàn dó kò wá orúkọ lọ jìnnà. Wọ́n wo ibi tí igbó parí sí, tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fi ibẹ̀ pe ìlú: Ẹ̀bá Ọ̀dàn. Ẹni tó bá mọ ewéko díẹ̀ yóò mọ̀ pé òótọ́ ilẹ̀ ló wà nínú orúkọ náà. Igbó tó ti apá Ìjẹ̀bú gòkè wá ń fúyẹ́ bó ti ń súnmọ́ Ìbàdàn. Bí a bá sì gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ, koríko á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ igi. Ẹni tó bá gun òkè Màpó lónìí, níbi gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, páànù tó ti dípẹtà nìkan ni yóò rí, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹ́yẹrúnkà, àfi igi kọ̀ọ̀kan tó yọrí láàárín agbolé. Síbẹ̀, ojú ààlà láàárín igbó àti ọ̀dàn ni ilẹ̀ tó wà lábẹ́ páànù yẹn. Oríkì ìlú náà kò gbàgbé èso òro àti ìgbín tí àwọn tó kọ́kọ́ sá dé ibẹ̀ fi gbé ẹ̀mí ró.

Ìlú tó gba orúkọ lọ́wọ́ ewéko wá di ìlú tí ọmọ rẹ̀ ń rìn nínú igbó tí kò lè dárúkọ ohun tó wà níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrìn igbó ti di fàájì òpin ọ̀sẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ kan. Wọ́n á gbé omi dání, wọ́n á wọ bàtà tó nípọn, ó di inú igbó IITA lọ́nà Ọ̀yọ́, tàbí igbó ọba Onígàǹbàrí lọ́nà Ìjẹ̀bú-Òde. Igbó IITA yìí dára fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ náà sílẹ̀ ní 1967, nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà ilẹ̀ ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì fi bí 350 sílẹ̀ kí igbó lè padà hù níbẹ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo ayé fi orúkọ ìlú wa mọ̀, Malimbus ibadanensis, èyí tí J. H. Elgood kọ́kọ́ ṣàpèjúwe fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Ṣùgbọ́n ìwé atọ́nà tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń rìn náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Áàpù orí fóònù tó ń wo fọ́tò ewé kó tó dá a mọ̀, Látìn ló ń sọ. Bí ẹnì kan bá wá ní ká ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, iṣẹ́ dé fún àwa tá à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nìyẹn, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu fún ìtànná inú igbó ni "òdòdó ìgbẹ́".

Mi ò fara mọ́ "òdòdó ìgbẹ́". Gírámà rẹ̀ pé, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì rú èèyàn lójú, àmọ́ kò sí ẹni tó ń sọ ọ́. Wọn ò sọ ọ́ ní Ọjà'ba, wọn ò sọ ọ́ lóko, ọdẹ kan kò sì ti igbó dé kó ní òdòdó ìgbẹ́ lòun rí. Ọ̀rọ̀ tá a ṣẹ̀dá fún ohun tí àwọn tó ni èdè kò kà sí ohun kan ṣoṣo, inú ìwé ló máa ń kú sí.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí. Àwọn tó kọ ìwé atọ́nà nílẹ̀ Òyìnbó fi òdòdó pín ewéko: funfun lójú ewé yìí, pupa lójú ewé tó tẹ̀ lé e, èyí tó ní ẹ̀ka márùn-ún, èyí tó ní mẹ́fà. Lọ́dọ̀ tiwa, ewé ni gbogbo nǹkan. Ìtànná kì í pẹ́ tí í fi í rẹ̀. Ewé ló wà nílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ewé la sì ń já. Ọ̀rọ̀ náà "òdòdó" pàápàá ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe láyé àtijọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, òdòdó náà ni wọ́n fi ń pe aṣọ pupa fòò. Àwọ̀ tó ń pe ojú láti òkèèrè ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìtànná pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ara koríko, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kó tó rí i, kò fi bẹ́ẹ̀ bá òdòdó yẹn tan.

Ẹ lọ sí ọjà Bódè, tàbí kí ẹ yà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ọjà'ba, kí ẹ ní òdòdó lẹ ń wá. Wọn ò ní bi yín ní àwọ̀ rẹ̀. "Kín lẹ fẹ́ fi ṣe?" ni ìbéèrè wọn. Àgbo ni àbí àsèjẹ? Ọmọdé ni àbí àgbà? Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ ewé, orúkọ náà á sì wá pẹ̀lú ibi tó ń hù: èyí tó ń hù létí odò, èyí tó ń hù lọ́dàn, èyí tí wọ́n ń pè ní akọ. Ìmọ̀ ewéko tó pé ni wọ́n fi ń dá èèyàn lóhùn yẹn, ó kàn jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀ sí tàwọn tó kọ ìwé atọ́nà.

Ẹni tó bá rò pé fífi ewé ṣáájú jẹ́ àìmọ̀, kó lọ bá àwọn ará Jámánì sọ ọ́. Ní 1790, Goethe, akéwì wọn tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, kọ ìwé kékeré kan lórí bí ewéko ṣe ń para dà. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀yà ara òdòdó, ewé tó para dà ni wọ́n. Àwọn onímọ̀ ayé òde òní tí wọ́n ń yẹ àbùdá ewéko wò kò bá a jiyàn lórí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Nítorí náà, bí a bá ń wá orúkọ fún ẹ̀ka òdòdó kọ̀ọ̀kan, tó pupa tàbí tó funfun, mo gbà pé "ewé òdòdó" la gbọ́dọ̀ pè é. Àwọn kan ti fẹ́ ká pè é ní pẹ́tálì. Kò burú nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n "ewé òdòdó" sọ òótọ́ kan tí "pẹ́tálì" kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú wa ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ewéko kan wà tó ń hù létí ọ̀nà, tí ìtànná rẹ̀ tò sára igi kan ṣoṣo, tí orí igi náà sì ká kò. Àgógó igún ni wọ́n ń pè é. Àwọn mìíràn ń pè é ní ogbe àkùkọ. Ẹni tó bá ti rí igún rí kò tún nílò àwòrán. Òmíràn, ìtànná rẹ̀ dà bí òwú aláwọ̀ osùn àlùkò, ó rí ròbótó, ó sì wu ojú gan-an, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò dárúkọ ìtànná yẹn rárá. Patanmọ́ ni: bí ọwọ́ bá kàn án, á pa itan mọ́. Ohun tó ń ṣe ló gba orúkọ, ohun tó fi ń ṣẹ̀ṣọ́ kò rí nǹkan kan gbà.

Kódà igi tí ayé ń tìtorí òdòdó rẹ̀ gbìn, orúkọ mìíràn la fún un. Igi kan wà tó ti Madagásíkà wá, tó ń pọ́n ròdòròdò lóṣù kẹrin sí ìkẹfà ní ẹ̀gbẹ́ títì. Pánṣẹ́kẹ́ ni, ó tún ń jẹ́ sẹ́kẹ́sẹ́kẹ́, àdúgbò kan ní Abẹ́òkúta sì ń jẹ́ orúkọ náà títí dòní. Bí èmi bá gbọ́ orúkọ yìí, ìró èèpo èso rẹ̀ gígùn ni mò ń gbọ́, nígbà tó bá gbẹ, tí atẹ́gùn ń mì í, tí kóró inú rẹ̀ ń dún. Etí ló sọ igi náà lórúkọ.

Adé-ilẹ̀ ló mú mi lọ́kàn jù nínú gbogbo wọn. Ewéko yìí kò ní ewé kankan. Gbòǹgbò igi ńlá ló so mọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń fa oúnjẹ rẹ̀ mu; ìtànná rẹ̀ pupa, tó le, tó ní ìpẹ́ ṣóńṣó yí ká, nìkan ló ń yọ sókè láàárín ewé jíjẹrà. Ọ̀pọ̀ tó bá kọ́kọ́ rí i á ní olú ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Thonningia sanguinea, nítorí Peter Thonning, ará Denmark, tó kó ewéko jọ ní Gáná òde òní ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ẹ wò ó bí orúkọ méjèèjì ṣe ṣiṣẹ́: ti Látìn bọlá fún ẹni tó gbé e lọ, ti Yorùbá ń bá ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò sì sí ewé tí wọn ó pè, ìtànná náà ni wọ́n pè, wọ́n sì fi adé dá a lọ́lá. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní èdè wa kò bìkítà fún òdòdó, adé-ilẹ̀ ni kí ẹ fi dá a lóhùn.

Orúkọ mìíràn wà tí kò ti inú igbó wá rárá; inú òṣèlú Ìbàdàn ló ti jáde. Ewéko kan wà tó gba gbogbo oko tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní ọdún méjì péré. Ewé rẹ̀ ní òórùn, ìtànná rẹ̀ funfun tó fẹ́ ṣe bíi àlùkò díẹ̀, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń tanná, tí tata á bò ó mọ́lẹ̀. Chromolaena odorata ni lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù àti àárín ló ti wá. Wọ́n ní inú irúgbìn gmẹlínà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí 1937 ló fara pamọ́ sí dé apá Ẹ̀nugu, ibẹ̀ ló sì ti ràn wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbalẹ̀ níhìn-ín bọ́ sí àsìkò tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ń gbóná. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, gómìnà ní òun ti yọ S. L. Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba. Akíntọ́lá ní òun ò lọ. Wọ́n ju àga lu ara wọn nílé aṣòfin. Ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn àgbẹ̀ wo ewéko tí ọkọ́ kò rí yọ, tí iná jó tó tún rú, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Akíntọ́lá takú.

Àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ orúkọ Awólọ́wọ̀, tí òun àti Akíntọ́lá jọ ń jà nígbà náà, ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ má bi mí léèrè èwo ló tọ̀nà. Ẹni tó bá dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ láàárín Bẹẹrẹ fúnra rẹ̀ ló fà á. Ohun tó ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ tiwa ni pé ìgbìmọ̀ kankan kò jókòó lórí rẹ̀. Nǹkan tuntun dé, ó ní ìwà kan tó hàn, ìwà náà jọ ti ẹnì kan tí gbogbo ìlú mọ̀, orúkọ wá, ó sì lẹ̀. Ju 60 ọdún lọ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ tí kò mọ ẹni tí Akíntọ́lá jẹ́ ṣì ń já ewé rẹ̀ fún ojú ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, orúkọ náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Irú rẹ̀ kan náà ni ìgbàlódé, ewéko kékeré tí ìtànná rẹ̀ ní ojú aláwọ̀ ìyeyè àti etí funfun, tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Orúkọ yẹn ti sọ fún wa pé àlejò ni.

Orúkọ alápá méjì náà tún wà. Efínrín wà, efínrín wẹ́wẹ́ wà, efínrín odán sì wà. Ejìnrìn wà, ejìnrìn wẹ́wẹ́ wà. Odúndún wà, odúndún odò wà. Orúkọ ìdílé ṣáájú, àdámọ̀ tẹ̀ lé e: ohun tí Linnaeus ará Sweden fi Látìn ṣe nínú ìwé ńlá rẹ̀ ní 1753 kò jìnnà sí èyí. Ìyàtọ̀ wà ṣá. Efínrín odán bá efínrín tan lóòótọ́, àwọn onímọ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Odúndún odò kò bá odúndún tan rárá. Ohun kan lára ewé wọn ló pa wọ́n pọ̀ lójú wa. Ẹni tó ń ṣe ìwé atọ́nà ní Yorùbá gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òǹkàwé mọ èyí. Kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìyẹn pa orúkọ dà.

Ọ̀rọ̀ olú ló le jù, òun ló sì dùn jù. Níhìn-ín a ní aṣáájú kan. Ní 1975, B. A. Oso ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ àròkọ kan jáde nínú Mycologia, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ olú ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn Yorùbá àti olú wọn. Ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó kọ bí wọ́n ṣe ń jẹ wọ́n àti bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n ṣe oògùn, ó sì fi orúkọ Látìn ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ kò tíì kà á, a sì ń ṣẹ̀dá orúkọ fún ohun tó ti lórúkọ.

Olú-ọ̀rán wà nínú rẹ̀, olú kéékèèké tó máa ń bo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn òjò. Termitomyces microcarpus ni orúkọ rẹ̀ ní Látìn. Roger Heim ará Faransé ló dá orúkọ ìdílé yẹn sílẹ̀ ní 1942, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju olú ikán lọ. Ikán ló ń gbìn ín. Wọ́n á jẹ igi, wọ́n á fi ìgbẹ́ wọn mọ bẹ́ẹ̀dì sínú ọ̀gán, olú á ta sórí rẹ̀, àwọn náà á sì máa jẹ ẹ́. Èyí tó tóbi jù nínú ìdílé náà wà ní Zambia, orí rẹ̀ lè fẹ̀ tó mítà kan. Àgbẹ̀ tó ń lọ sídìí ọ̀gán lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ kò kà nípa Heim, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó yẹ kóun lọ wò.

Akúfọ́dẹwá ńkọ́? Olú yìí máa ń jáde láti inú nǹkan tó jọ ẹyin, ó ń yọ ọrùn gígùn, orí rẹ̀ sì ń rùn tó fi jẹ́ pé eṣinṣin ló ń bò ó. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù fẹ́ sọ ìdílé rẹ̀ lórúkọ, wọ́n wo bó ṣe dúró, wọ́n sì pè é ní Phallus, nǹkan ọkùnrin. Ọdẹ tiwa kò wo ìdúró rẹ̀, òórùn rẹ̀ ló gbọ́: ẹran kan ti kú síbì kan fún ọdẹ láti wá. Ó lè yìnbọn lánàá kí ẹran sá lọ. Òórùn dé lónìí, ó sì tẹ̀ lé e títí tó fi bá olú pàdé. Ìtàn ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n kì mọ́ inú orúkọ kan yìí. Ta ni yóò wá jókòó sí ọ́fíìsì kó ṣẹ̀dá èyí tó dára jù ú lọ?

Ibi tí ó ti yẹ ká ṣẹ̀dá ni ẹ̀yà ara olú, nítorí pé alásè kò nílò orúkọ wọn, ẹni tó fẹ́ mọ èyí tó ní májèlé ló nílò rẹ̀. Mo ti rí "agboòrùn" tí wọ́n lò fún apá òkè rẹ̀. Mo fara mọ́ "orí olú" ju ìyẹn lọ: olú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kò tíì ṣí, orí ni síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni "ẹsẹ̀ olú". Awọ tó yí ọrùn àwọn kan ká lè jẹ́ "ẹ̀gbà ọrùn", èyí tó sì bo ìdí àwọn mìíràn lè jẹ́ "àpò ìdí". Àwọn pẹlẹbẹ tó tò sábẹ́ orí kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn. "Ewé abẹ́ orí" ni mò ń lò, mo sì ṣe tán láti gba èyí tó bá dára jù. Fún eruku tó ń bọ́ láti abẹ́ orí, tí olú fi ń tàn kálẹ̀, a ti ní ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀: ìyẹ̀. Ìyẹ̀ ni babaláwo ń tẹ̀ lórí ọpọ́n, láti ara igi ìrosùn tí kòkòrò ti jẹ. Ìyẹ̀ olú, ó parí. Fọ́nrán funfun tó ń rìn lábẹ́ igi jíjẹrà ni "fọ́nrán olú". Àwọn kan sì ń ta kókó ńlá sábẹ́ ilẹ̀, dúdú lẹ́yìn, funfun nínú. Látìn pe ọ̀kan nínú wọn ní iṣu ọba, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá wa wí bí a bá ní "iṣu olú".

Wàhálà gan-an wà nínú orúkọ gbogbogbòò. Àwọn onímọ̀ kó olú, èyí tó ń mú búrẹ́dì bu, ìwúkàrà tó ń mú ìyẹ̀fun wú, àti làpálàpá orí ọmọdé sábẹ́ orúkọ kan. Yorùbá kò kó wọn pọ̀ rí. Àwọn kan fẹ́ ká kàn sọ pé "fọ́ngọ́ọ̀sì". Àwọn mìíràn fẹ́ ká na "olú" kó ká gbogbo rẹ̀, ó di pé dókítà á sọ fún ìyá ọmọ pé olú wà lórí ọmọ rẹ̀. Kò sí ìyá tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi ni "ìran olú". Búrẹ́dì tó bu kì í ṣe olú, ṣùgbọ́n ó lè wá láti ìran rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìran fàyè sílẹ̀ fún ìbátan tó jìnnà.

Ohun kan tún wà tí àwọn àgbẹ̀ wa ti mọ̀ lọ́nà tiwọn. Kò sí ẹni tó ń pe olú ní ewé. Nínú ọbẹ̀, àyè ẹran ló máa ń gbà. Ọdún 1969 ni R. H. Whittaker ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ìran olú ní ìjọba tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ewéko, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ wá gbà. Ìwádìí àbùdá lẹ́yìn náà sì fi hàn pé ó súnmọ́ ẹranko ju ewéko lọ. Ohun líle tó wà lára èèpo akàn àti ìyẹ́ kòkòrò wà lára olú náà.

Orúkọ ẹ̀yà ara wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ìwé atọ́nà àwọn ará Yúróòpù máa ń kìlọ̀ pé olú tó bá ní àpò ìdí ni kí èèyàn sá fún, nítorí pé àwọn tó ń pààyàn jù níbẹ̀ ní àpò yẹn. Bí a bá tú ìkìlọ̀ náà sí Yorùbá bó ṣe wà, a ti sọ olú tó ń hù lára ọ̀pẹ wíwó di májèlé, òun náà ní àpò ìdí, bẹ́ẹ̀ ìran-ìran la ti ń jẹ ẹ́. Ní ìdàkejì, olú funfun kan wà tó ń hù lórí koríko tí wọ́n gé, ní ọgbà ilé àti pápá ìṣeré, Chlorophyllum molybdites. Kò ní àpò ìdí. Ó mọ́, ó sanra, ó sì ń mú èèyàn bì kó sì ṣu gbuuru. Ìyẹ̀ rẹ̀ ló ń tú u fó. Bí a bá gé orí rẹ̀, tí a dà á dé bébà funfun mọ́jú, ìyẹ̀ tó bá bọ́ sórí bébà á ní àwọ̀ ewé. Ẹ ò lè ṣàlàyé èyí fún ọmọ ilé-ìwé kan ní Bẹ́yẹrúnkà láìní ọ̀rọ̀ fún orí, fún àpò àti fún ìyẹ̀.

Ní ti orúkọ ojú ilẹ̀ tí ewéko ń hù sí, kò gba àkókò púpọ̀, ọ̀rọ̀ ti pé: ẹgàn ni igbó tí ọkọ́ kò wọ̀ rí, igbó ni igbó, ìgbẹ́ wà, pápá wà, ọ̀dàn wà, àkùrọ̀ wà létí omi. Igbó IITA kì í ṣe ẹgàn, nítorí oko ti wà níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kan péré ti sọ ìtàn ilẹ̀ náà.

A kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. J. M. Dalziel kó orúkọ Yorùbá sínú ìwé rẹ̀ lórí ewéko ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1937. Z. O. Gbile ṣe àkójọ orúkọ ewéko ní Yorùbá fún ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, ní 1984. Ọdún yẹn kan náà ni apá kìn-ín-ní èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olótùú rẹ̀ jáde, àmọ́ gírámà, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ló dá lé lórí. Pierre Fátúmbí Verger tẹ ìwé Ewé jáde ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀. Òun ló ṣàlàyé jù lọ bí ọ̀rọ̀-ìṣe inú orúkọ ewé ṣe máa ń bá iṣẹ́ tí wọ́n fi ewé náà ṣe mu. Ní Jẹ́ríkò yìí kan náà, ewéko gbígbẹ tó wà nínú àkójọ wọn, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FHI, lé ní 100,000.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀pọ̀ àkójọ orúkọ ni àmì ohùn tí kò sí. Kọ "oro" sílẹ̀ láìfi àmì sí i: èso òro tó gba àwọn ará Ìbàdàn àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ebi ni, àbí oró tó ń pààyàn? Kọ "ogbe akuko": ẹnì kan á kà á bí ogbe, ẹlòmíràn á ní ọgbẹ́, àkùkọ á sì wá di ẹni tó fara pa. Àléébù kejì ni pé orúkọ kì í dárúkọ ìlú tó ti wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní nǹkan kan ní Ìbàdàn lè jẹ́ nǹkan mìíràn ní Òǹdó, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń lọ sígbó. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ẹ mú àgbàlagbà kan dání, ọdẹ tàbí ìyá ẹlẹ́wé, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ẹ kọ orúkọ tó bá sọ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ìlú rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí nǹkan náà àti ohun tó hù lára rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò abẹ́ olú, kì í ṣe òkè rẹ̀ nìkan. Ẹ sá ewéko kan kó gbẹ, kí ẹ gbé e lọ sí Jẹ́ríkò kí wọ́n bá yín wá Látìn rẹ̀. Ẹ má sì jẹ olú kankan nítorí pé ẹ ti mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi han ẹni tó ti jẹ ẹ́ rí.